Ìdí Tí Inú Ọ̀gán Fi Dákẹ́ Rọ́rọ́

Nígbà láéláé, inú ọ̀gán kì í dákẹ́. Ẹni tó bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá á rò pé wọ́n ń gúnyán níbẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́ ni. Kó! Kó! Kó! Bí àparò bá fẹ́ bà lé e, á gbọ́ ariwo náà, á sì ré kọjá lọ síbòmíràn.

Orí àwọn ẹ̀ṣọ́ ikán ló ń dún bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbá a mọ́ ògiri ni.

Ọ̀gán kan wà nínú ọ̀dàn, ní ìdí igi ayùnrẹ́ kan. Yèyé Ọ̀gán, ìyá gbogbo ikán tó wà nínú ilé náà, ló ń gbé ìyẹ̀wù àárín, níbi tó ti ń yé ẹyin. Ẹyin yìí ni gbogbo ilé gbójú lé. Ọjọ́ tí ẹyin bá tán, ilé tán nìyẹn. Nítorí náà, wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ kan sí ẹnu ọ̀nà ìyẹ̀wù. Afura lorúkọ rẹ̀.

Ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò ṣì í sọ rárá. Afura kò gba ẹnikẹ́ni gbọ́. Bí ewé gbígbẹ bá já bọ́ lóde, á ní ta ló jù ú. Bí ẹnìkan bá kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́," á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí onítọ̀hún ń wá. Nígbà náà, orí rẹ̀ funfun bí ẹ̀kọ tútù, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ṣọ́ yòókù. Ẹnu rẹ̀ dà bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ó dára fún ìjà, ṣùgbọ́n kò ṣeé fi jẹun. Òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa fi oúnjẹ sí i lẹ́nu bí ọmọ ọwọ́.

Òṣìṣẹ́ tó ń bọ́ Afura ni Ìyá Olú. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí òun ló ń tọ́jú oko olú tí gbogbo ilé ń jẹ. Àgbàlagbà ni, ara rẹ̀ balẹ̀, kì í pariwo. Òun náà ló bọ́ Afura láti kékeré títí ẹnu rẹ̀ fi di ẹ̀mú.

Iṣẹ́ Afura kò le. Àwọn alágbàtọ́ ẹyin nìkan, tí òórùn Yèyé wà lára wọn, ló lè wọ ìyẹ̀wù. Bí ẹlòmíràn bá kágò, Afura á fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí rẹ̀ kàn án, á ní, "Kò sí ọ̀nà!" Lẹ́yìn náà, á gbá orí mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan, kí Yèyé lè mọ̀ pé òun ti dá ẹnìkan padà. Ẹ̀ṣọ́ tó wà ní ọ̀nà kejì á gbọ́, òun náà á gbá tirẹ̀. Èyí tó wà lókè á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Báyìí ni ariwo ẹyọ kan ṣe máa ń yí gbogbo ilé po.

Nígbà tí ilé ṣì kéré, kò sẹ́ni tí èyí yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ilé kún. Ẹnu ọ̀nà Yèyé sì wà lójú ọ̀nà oko olú gan-an. Ẹni tó ń gbé ewé lọ oko á gba ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ á gba ibẹ̀ padà.

Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì ni ikán. Wọn ò jẹ́ gba ẹnu ọ̀nà ìyá wọn kọjá bí ewúrẹ́. Kódà bí wọn ò tilẹ̀ fẹ́ wọlé, wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Àgò o!" Ìkíni ni. Bí ọmọ tó bá àgbà níwájú ilé ṣe ń kúnlẹ̀, tó sì ń bá tirẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni.

"Àgò o!"

"Kò sí ọ̀nà!" Kó!

"Èmi ò kúkú fẹ́ wọlé, oko ni mò ń lọ."

Ẹni náà á gbéra, á lọ. Ṣùgbọ́n ariwo ti lọ ná. Àwọn tó wà lókè ọ̀hún ti ń gbá orí. Ẹlòmíràn á tún dé, "Àgò o!" Kó! Ẹlòmíràn á tún dé. Ní tòótọ́, inú Afura máa ń dùn sí i. Bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ tó ni gbogbo ilé ṣe ń mọ̀ tó pé ẹ̀ṣọ́ kò sùn.

Ìgbà tó yá, ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í dín.

"Afura," ni Yèyé pè láti inú ìyẹ̀wù.

"Yèyé o."

"Ẹyin tí mo yé láàárọ̀ ò pé mọ́. Ẹnìkan ń jí ẹyin mi kó. Ta lo dá padà lẹ́nu ọ̀nà mi lónìí?"

"Wọ́n pọ̀, Yèyé. Wọn ò lóǹkà."

"Gbogbo wọn ló fẹ́ wọlé tọ̀ mí wá?"

"Gbogbo wọn ló kágò, mo sì dá gbogbo wọn padà."

Afura kò parọ́. Òótọ́ ni gbogbo ohun tó sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí irú òótọ́ yẹn máa ṣe fún abiyamọ tó dá jókòó nínú òkùnkùn, tí ẹyin rẹ̀ ń dín, tó sì ń gbọ́ kó, kó, kó láti òwúrọ̀. Yèyé bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù àwọn ọmọ inú ara rẹ̀.

"Ẹ bá mi dín ẹnu ọ̀nà yìí kù," ló sọ fún àwọn mọlémọlé.

Wọ́n po amọ̀ mọ́ itọ́, wọ́n dín in kù. Ariwo kò dín. Lọ́jọ́ kejì, Yèyé ní kí wọ́n tún dín in kù. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń mọ ọ́n, ojoojúmọ́ sì ni Yèyé ń sanra nínú ibẹ̀, nítorí oyún ẹyin kì í kúrò nínú rẹ̀.

Lábẹ́ gbòǹgbò igi ayùnrẹ́ yẹn, ní ẹ̀yìn ọ̀gán, ni Tanpẹ́pẹ́ ń gbé. Ẹ mọ̀ ọ́n, èèrà dúdú kékeré tó máa ń jẹni lẹ́sẹ̀. Nírọ̀lẹ́, tí Afura bá jáde sí ẹnu ọ̀gán láti gba atẹ́gùn, Tanpẹ́pẹ́ á ti wà níbẹ̀, á ti pọ́n eyín sílẹ̀ dè é.

"Ọ̀gá Afura! Ẹ kú iṣẹ́ o! Iṣẹ́ tí ẹ̀ ń ṣe ń dé etí wa lọ́hùn-ún. Orí ò ní fọ́ yín o!"

"O ṣeun. Àwọn kan nínú ilé ń sọ pé ariwo náà ti pọ̀ jù."

"Ó pọ̀ jù kẹ̀? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹ lọ fura sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ o! Ká ní èmi ni yín, ẹni tó bá wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà yẹn pàápàá, màá gbá orí fún un."

Afura tó ń fura sí ewé, tó ń fura sí afẹ́fẹ́, kò fura sí èyí. Ìyìn ti wọ̀ ọ́ lára. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ bá mi ṣọ́ Tanpẹ́pẹ́ yẹn dáadáa.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Afura bẹ̀rẹ̀ sí í gbá orí fún ẹni tó wúkọ́. Ó ń gbá a fún ẹni tó kọsẹ̀. Ó ń gbá a fún ẹni tó dúró kí ẹnìkejì rẹ̀. Ẹyin sì ń lọ.

Yèyé tún pè é. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Nínú gbogbo àwọn tí ò ń dá padà, ta lo ń dá padà jù?"

Afura ronú. Kò ronú pẹ́. "Ìyá Olú ni."

Bẹ́ẹ̀ ni, òun ni. Òun ló ń lọ oko tó ń bọ̀ lóko jù. Nínú gbogbo ilé, òun náà ló sì mọ̀wà hù jù, kì í sì í kọjá láì kágò.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, bí Ìyá Olú ṣe ń fi oúnjẹ sí Afura lẹ́nu, Afura bi í léèrè.

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé n kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wọlé. Kí ló dé tí ẹ fi ń kágò ṣáá?"

Ìyá Olú rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n wá máa gba ẹnu ọ̀nà ìyá mi kọjá bí ẹni tí wọn ò kọ́ ni? Afura, la ẹnu. O ò tíì yó."

Afura la ẹnu, ó jẹun. Ṣùgbọ́n ìdáhùn yẹn ti dùn jù fún un. Ara fu ú. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé ẹni tí kò fẹ́ wọlé, kí ló ń kan ilẹ̀kùn fún? Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti sọ gbogbo rẹ̀ fún Yèyé.

Yèyé kò bi Ìyá Olú ní nǹkan kan. Ó ní kí wọ́n mú un, kí wọ́n tì í mọ́ yàrá kékeré tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀gán. Bí oòrùn bá ti mú lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tì í síta.

Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tí oòrùn ń ṣe fún ikán. Ara wa ló nípọn tí oòrùn fi ń pa wá lásán. Ara ikán kò nípọn. Ẹni tí wọ́n bá tì sí oòrùn kò ní padà wá.

Nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń mú Ìyá Olú lọ, wọ́n mú un gba iwájú Afura kọjá. Kò bú u. Kò sunkún. Ohun tó sọ kò ju èyí lọ:

"Afura, ta ni yóò wá fún ọ lóúnjẹ báyìí?"

Ìyá Olú yíjú sí ìyẹ̀wù, ó ní, "Àgò o, Yèyé," ó sì ń bá àwọn ẹ̀ṣọ́ lọ. Orí Afura fúnra rẹ̀ ti gbá ògiri kó tó mọ̀. Kó!

Ẹ̀rù ba àwọn òṣìṣẹ́ yòókù. Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé wọ́n yọ́ kọjá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi igbe kágò. "Àgò o! Èmi nìyí o! Àgò o!" Kó! Kó! Kó! Ariwo ọjọ́ yẹn ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Kò sí ẹni tó jẹ́ sún mọ́ Afura láti fi oúnjẹ sí i lẹ́nu. Ebi ń pa á, orí ń fọ́ ọ, inú rẹ̀ kò sì dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Yèyé fi igbe ta.

"Wọ́n ti kó o! Afura, wọ́n tún ti kó ẹyin mi!"

Ìyá Olú wà lábẹ́ àgádágodo amọ̀. Ta ló wá kó o? Afura ro gbogbo àwọn tó kágò láti àná. Ó ti fi ìwo kan olúkúlùkù wọn. Ó sì gbọ́ ẹsẹ̀ olúkúlùkù wọn tó ń lọ. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Kò sí ọ̀kan tó tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Nígbà náà ni Afura, tó ti fura sí gbogbo ayé, wá fura sí orí ara rẹ̀. "Gbogbo ẹni tí mo gbá orí fún ló bá tirẹ̀ lọ," ló wí. "Ẹni tí n kò gbá orí fún ńkọ́?"

Òṣìṣẹ́ kan dé. "Àgò o!"

Afura rọra ní, "Ẹ máa lọ." Kò gbá orí.

Òmíràn dé. Kò gbá orí fún òun náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ òkè dúró, wọn ò gbọ́ nǹkan kan, àwọn náà dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà, gbogbo inú ọ̀gán pa lọ́lọ́. Àwọn tó ru ewé dúró gbagidi. Ara wọn kò balẹ̀.

Láti ẹ̀yìn ìyẹ̀wù Yèyé lọ́hùn-ún, Afura gbọ́ ìró kan. Rẹ́kẹ́, rẹ́kẹ́, rẹ́kẹ́. Ó dún bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ó sì dákẹ́ lójijì, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé ilé ti dákẹ́.

Afura gbá orí lẹ́ẹ̀kan. Kó!

Rẹ́kẹ́.

Ó dúró. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó tún gbá a. Kó!

Rẹ́kẹ́.

Ó yé Afura. Ẹnìkan ń fi ariwo rẹ̀ bo iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìgbà tó bá gbá orí ni ẹni náà ń gbẹ́lẹ̀.

Ó pe ẹ̀ṣọ́ tó wà nítòsí. "Dúró síbí. Máa gbá orí lọ, má dáwọ́ dúró." Òun fúnra rẹ̀ yọ́ gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ yẹn ṣe ń gbá orí, kó, kó, kó, bẹ́ẹ̀ ni Afura ń fi ìwo tọ ògiri lọ, títí ó fi kan ibi tí amọ̀ ti ń gbọ̀n. Ó ki ẹnu rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ya á wálẹ̀.

Tanpẹ́pẹ́ ló wà níbẹ̀, ẹyin Yèyé lẹ́nu rẹ̀. Ihò gùn lẹ́yìn rẹ̀ títí dé ìdí gbòǹgbò, àwọn ará ilé rẹ̀ sì tò sínú rẹ̀, wọ́n ń retí tiwọn.

Tanpẹ́pẹ́ rọra gbé ẹyin kalẹ̀. "Ọ̀gá Afura! Ẹ kú iṣẹ́ o. Orí ò ní..."

"O ò kágò," ni Afura wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná..."

"Tanpẹ́pẹ́, o ò kágò!"

Ó wá fi gbogbo agbára rẹ̀ gbá orí mọ́ ògiri. Kì í ṣe ẹyọ kan bíi ti tẹ́lẹ̀. Kókókókókó! Ó gbá a láìmí, ó gbá a títí iwájú orí rẹ̀ fi ṣẹ̀jẹ̀. Nínú ilé tí ẹ̀ṣọ́ kan ṣoṣo ti ń dún yẹn, kò sí ẹni tí kò gbọ́, kò sì sí ẹni tó bèèrè ohun tó jẹ́.

Oòrùn ti mú lóde nígbà náà. Àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì ti mú Ìyá Olú dé ẹnu ọ̀gán, wọ́n ti tì í síta. Oòrùn ti ń jó o lẹ́yìn. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ariwo yẹn, wọ́n fi í sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sáré wọlé lọ jà.

Ìyá Olú lè sá lọ sábẹ́ ewé. Kò sá. Ó wọ́ ara rẹ̀ padà wọlé, ó bu amọ̀ tútù sẹ́nu, ó tẹ̀ lé wọn.

Wọ́n jà. Tanpẹ́pẹ́ bu àwọn kan jẹ, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́nu ẹ̀mú pọ̀ jù ú lọ. Ó sá gba ihò padà sábẹ́ gbòǹgbò pẹ̀lú àwọn ará ilé rẹ̀. Ìyá Olú ló kọ́kọ́ fi amọ̀ sí ẹnu ihò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ yòókù fi tiwọn sí i, títí ihò náà fi dí pa.

Afura wá síwájú ìyẹ̀wù. Orí rẹ̀ ti pupa, bẹ́ẹ̀ ni ti gbogbo ẹ̀ṣọ́ tó gbá tirẹ̀ tẹ̀ lé e. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Yèyé, ó tún yíjú, ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Olú, ó sì sunkún.

"Yèyé, èmi ni mo ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Àwọn tó ń kágò, kíkí ni wọ́n ń kí yín. Ẹni tó ń jí yín lẹ́yin kò kágò rí. Ẹ jẹ́ ká yé gbá orí fún ìkíni."

Yèyé kò tíì gbà tán. "Bí olè bá wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kágò ńkọ́?"

"Bó bá kágò, tí mo ní kò sí ọ̀nà, tó bá tirẹ̀ lọ, kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Bó bá kọ̀, tó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn, màá gbá orí. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ògiri wa láti ìta, màá gbá orí. Lórí ohun mìíràn, n ò ní dún."

Yèyé gbà. "Ìyá Olú," ló wí nígbẹ̀yìn, "mo ṣẹ̀ ọ́. Dúró, kí n jáde wá bẹ̀ ọ́."

Ó gbéra. Kò kọjá. Ó fi ẹ̀gbẹ́ sí i. Kò kọjá. Ihò tó kù lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ kò ju èyí tí òṣìṣẹ́ kékeré lè gbà lọ, òun sì ti tóbi ju ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ó ní kí àwọn mọlémọlé wó o. Wọ́n fọwọ́ kàn án, wọ́n mi orí. Amọ̀ ti gbẹ, ó ti le bí òkúta. Òrùlé ilé sì ti wá jókòó lé ògiri náà lórí. Bí wọ́n bá wó o, ẹyin ni òrùlé máa wó lé.

Inú ihò yẹn ni Yèyé ti na ìwo rẹ̀ jáde. Ìyá Olú na tirẹ̀ sí i. Wọ́n fi kan ara wọn, wọn ò sì sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá Olú lọ bọ́ Afura, nítorí kò tíì jẹun láti àná.

Láti ọjọ́ náà ni orí ẹ̀ṣọ́ ikán ti pupa, tí òṣìṣẹ́ sì ń bọ́ ọ títí dòní. Láti ọjọ́ náà ni àwọn ikán kò ti kágò mọ́. Bí wọ́n bá pàdé ara wọn lọ́nà, ìwo ni wọ́n fi ń kan ara wọn, bí Yèyé àti Ìyá Olú ti ṣe, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Láti ọjọ́ náà ni Yèyé Ọ̀gán kò ti jáde nínú ìyẹ̀wù tí ìfura rẹ̀ mọ fún un, tí kò sì ní jáde láé.

Bí o bá fi etí lé ọ̀gán lónìí, o ò ní gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n fi igi gún un wò. Wàá gbọ́ kókókókókó láti inú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀rọ̀ rẹ ni wọ́n ń sọ fún Yèyé, pé o ò kágò.